Ọjọ́ Tí Àgbà Jí

"Safiyat, kí ni mo sọ?"

"Ẹ ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan Àgbà, Bàbá."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí ẹ ó fi ti mọ́ṣáláṣí dé."

Bàbá mi wò mí bí ẹni tó ń wo nọ́ọ̀tì tó fura pé kò tíì le tó. Ó ti wọ jàlàbíyà funfun rẹ̀, ó gbé ẹní ìkírun lé èjìká, ṣùgbọ́n epo dúdú ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ọṣẹ kò borí epo yẹn rí.

"Ìwé ni kí o kà," ló wí. "Àtàlátà ni ìdánwò físíìsì rẹ. Ìyá rẹ wà lábúlé, èmi náà ń lọ kírun. Má ṣe fa wàhálà sí mi lọ́rùn."

"Ìnṣà Àlláà, Bàbá."

Kò tíì dé ìkóríta tí mo ti pa ìwé dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Àgbà jẹ́, kí ẹ má baà rò pé ènìyàn ni. Katakata kékeré kan ni. Bàbá bàbá mi ló rà á lọ́wọ́ oko ńlá kan tó kógbá sílé, kí wọ́n tó bí bàbá mi gan-an. Wọ́n ní pupa ni nígbà náà. Ní tèmi, àwọ̀ ìpẹtà nìkan ni mo bá lára rẹ̀. Písítìnnì kan ṣoṣo ló ní, kò ní bátìrì, kò ní kọ́kọ́rọ́. Irin gígùn kan tó tẹ̀ ní ìgúnpá ni a máa ń kì bọ iwájú rẹ̀, a ó sì fi yí i títí yóò fi jí. Tó bá ti jí, gbogbo àdúgbò wa ní Ṣàngó ló ń gbọ́ ọ: gbọ̀ù, gbọ̀ù, gbọ̀ù. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti rọ̀, Bàbá á wà á lọ sí àwọn abúlé ẹ̀yìn ìlú láti tú ilẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Òun ló ń bọ́ wa. Òun náà ló rán mi nílé ìwé.

Ṣùgbọ́n ní ọdún tí mò ń sọ yìí, òjò rọ̀, ó tún rọ̀, Àgbà kò jí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Bàbá fi wà lábẹ́ rẹ̀. Ó pààrọ̀ nọ́súlù, ó tú pọ́ọ̀m̀pù palẹ̀, ó tò ó padà. Ó bẹ̀ ẹ́, ó bú u. Pàbó ló já sí. Ní Àlàmísì, mo gbọ́ tó ń bá Àlàájì Kàdírì sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìyẹn ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù ní àdúgbò Challenge.

"Ẹ wá gbé e lọ́la lẹ́yìn ìrun Jímọ̀," ni Bàbá wí. "Irin lásán ló kù."

Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ gan-an. Mo mọ ohun tí wọ́n ń fi irin lásán ṣe ní Challenge: wọn a fi iná gé e sí wẹ́wẹ́, wọn a sì jù ú sẹ́yìn ọkọ̀.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé mo mọ ohun tó ń ṣe Àgbà.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi, láti ìgbà tí orí mi kò tíì ga ju táyà lọ. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kò ní pílọ́ọ̀gì tó ń ta iná. Ohun mẹ́ta péré ló fi ń ṣiṣẹ́: afẹ́fẹ́, dísẹ̀lì, àti agbára tí písítìnnì fi ń fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá ti fún pọ̀ dáadáa, á gbóná janjan. Nọ́súlù á wá fọ́n dísẹ̀lì sí i, á sì gbiná fúnra rẹ̀. "Yọ ọ̀kan kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta," ni Bàbá máa ń wí, "ó kú nìyẹn."

Mo ti ṣàkíyèsí pé nọ́ọ̀tì kan lábẹ́ àsẹ́ dísẹ̀lì Àgbà máa ń tutù ṣáá, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ibi tí dísẹ̀lì bá ń gbà jáde, afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ wọlé. Afẹ́fẹ́ ló há sí ọ̀nà dísẹ̀lì! Wáṣà kékeré kan tó ti jẹ ni gbogbo rẹ̀. Mo lọ sọ fún Bàbá ní ọjọ́ Àlàárùbá, nígbà tí iṣẹ́ ti tán an ní sùúrù. Kò tilẹ̀ yọjú lábẹ́ katakata.

"Bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí," ló wí. "Lọ kàwé rẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, ó dáa, ẹ ó rí i.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí n kò ní fi pamọ́. Al-Ameen, olórí kíláàsì wa, ti sọ mí ní Ìyá Dísẹ̀lì nítorí òórùn tó máa ń wà lára yúnífọ́ọ̀mù mi. Mo ti fọ́nnu lórí gúrúùpù kíláàsì wa pé èmi Safiyat ni mo máa jí katakata tí bàbá mi kò lè jí. "Fídíò là ń fẹ́, Ìyá Dísẹ̀lì," ni Al-Ameen kọ. "A ò fẹ́ ẹnu." Ènìyàn mọ́kànlá ló fi ẹ̀rín sí i. Mo kà wọ́n.

Bí mo ṣe gba ẹ̀yìnkùlé lọ nìyẹn, fóònù lọ́wọ́.

Abẹ́ páànù ni Àgbà wà, ó kọjú sí ògiri. Àlàfo tó wà láàárín imú rẹ̀ àti ògiri kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá kan tó ti kú wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí koríko ti ń hù lára rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà díẹ̀ sí apá ògiri. Lójúde, jẹnẹrétọ̀ Ìyá Fẹ́yìsayọ̀, aránṣọ ará Ọ̀mù-Àrán tó gba ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa, ń pariwo. Àdúgbò ti dá. Gbogbo ọkùnrin ti lọ kírun.

Mo gbé fóònù mi lé orí dúrọ́ọ̀mù, mo tẹ̀ ẹ́ kó máa ya fídíò. Mo fa òkúta tí Bàbá fi dí táyà ẹ̀yìn, mo sì jókòó lé e, nítorí n kò fẹ́ kúnlẹ̀ nínú epo. Mo tú nọ́ọ̀tì náà. Wáṣà rẹ̀ ti sán, bí mo ṣe rò ó gẹ́lẹ́. Mo fi òmíràn sí i láti inú agolo Bàbá. Mo wá tú bóòtù kékeré tó wà lókè àsẹ́, mo ń fi ọwọ́ pọ́ọ̀m̀pù dísẹ̀lì. Ó kọ́kọ́ ń jáde pẹ̀lú hóró afẹ́fẹ́, ó ń hó bí ọṣẹ. Mo pọ́ọ̀m̀pù títí hóró náà fi tán, tí dísẹ̀lì fi ń ṣàn geere. Mo fún un pa. Inú mi ń dùn débi pé mò ń kọrin.

Òfin kan wà nílé wa tó ju gbogbo òfin lọ. Bàbá bàbá mi ló fi lélẹ̀: mi jíà kí o tó yí. Bíréèkì Àgbà ti kú tipẹ́, nítorí náà bí a bá gbé e kalẹ̀, a máa ń ki jíà bọ̀ ọ́, a ó sì fi òkúta dí táyà. Bí ọ̀pá jíà bá wà ní fíríì, á máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí eyín tó fẹ́ yọ. Bó bá wà nínú jíà, kò ní mì. Ẹni tó bá fẹ́ yí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ mì í wò. Kò gbà ju kí ènìyàn na ọwọ́ lásán.

N kò mì í.

Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà ìdí rẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí ti ń sọ pé hútúbà, ìwàásù Jímọ̀, ti bẹ̀rẹ̀, àkókò ń lọ. Ọ̀pá jíà sì wà ní òdìkejì, tí mo bá lọ síbẹ̀, fóònù kò ní rí mi mọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ sì tún wo nǹkan kan. Nígbà tí mo fa òkúta yẹn, Àgbà kò yí. Ilẹ̀ dà, bíréèkì kò sí, òkúta ti kúrò, síbẹ̀ ó dúró. Kí ló dì í mú? Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ni mí! Ká ní ó wà nínú ìwé ìbéèrè ni, ǹ bá gba gbogbo máàkì.

Mo gbé irin kékeré tó wà lórí ẹ́ńjìnnì sókè, èyí tó ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ kí yíyí lè fúyẹ́. Mo ki irin gígùn bọ iwájú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní ìpẹtà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. N kò rí i pé bí mo ṣe ń yí i ni Àgbà ń rìn díẹ̀díẹ̀ tọ̀ mí bọ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, mo já irin kékeré náà sílẹ̀.

Gbọ̀ù!

Èéfín dúdú bú jáde. Gbọ̀ù. Gbọ̀ù, gbọ̀ù, gbọ̀ù. Àgbà jí!

Mo fa irin yọ, mo jù ú sílẹ̀. Mo yíjú sí fóònù, mo kẹ̀yìn sí katakata, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Al-Ameen!" ni mo kígbe. "Ṣé o rí Ìyá Dísẹ̀lì?" Mo tilẹ̀ ń jó.

Ohun kan fọwọ́ kàn mí ní ìdí. Mo rò pé ènìyàn ni. Mo yíjú padà, mo bá imú Àgbà ní àyà mi. Mo sún sẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan, ó tẹ̀lé mi. Mo sún ìkejì, ẹ̀yìn mi kan ògiri. Mo fẹ́ yà sí ọ̀tún, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó kú ló wà níbẹ̀. Kí n tó ronú ìkẹta, irin iwájú rẹ̀ ti há itan mi òsì mọ́ ògiri.

Mo gbọ́ tí egungun ró. N kò mọ̀ pé ara mi ni.

Ohun tó jẹ́ kí n wà láàyè lónìí ni pé táyà iwájú kan gbá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ yẹn, kò lè gùn ún. Ṣùgbọ́n Àgbà kò mọ̀ pé ó ti dé ògiri. Táyà ẹ̀yìn ń yí, wọ́n ń wa ilẹ̀, wọ́n ń tì. Ní gbogbo ìgbà tó bá dún gbọ̀ù, á tún fún mi díẹ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà á sì tún sún díẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tì í. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín báyìí pé ọmọbìnrin kan ń ti katakata.

Mo ké. Mo ké títí ohùn mi fi há. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lójúde, Àgbà ń dún létí mi, ẹ̀rọ mọ́ṣáláṣí sì ń dún lókè gbogbo wa. Lèmọ́mù ń bá àwọn tó ń da ìdọ̀tí sínú gọ́tà wí. Mo gbọ́ ọ kedere, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gbọ́ mi. Fóònù mi sì dúró lórí dúrọ́ọ̀mù níbẹ̀, ó ń wò mí.

Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù tí ènìyàn fi ń sá, nítorí kò síbi tí mo fẹ́ sá sí. Mo pe Ọlọ́run, mo pe ìyá mi, mo pe Bàbá. Ohùn Bàbá ló wá sí mi lọ́kàn, bó ṣe máa ń sọ ọ́ láti kékeré: yọ ọ̀kan kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Dísẹ̀lì ńkọ́? Irin tí a fi ń pa á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, ọ̀nà jìn. Irin kékeré tó ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ wà lẹ́yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ mi kò tó o. Ó ku afẹ́fẹ́, ibi tí Àgbà ń gbà mí èémí. Páìpù tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé dúró lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọ̀tún mi, agolo mílíìkì tí Bàbá lu ihò sí lára ló dé e lórí bíi fìlà.

Mo na ọwọ́, mo gbá agolo náà dànù. Mo fa híjáàbù mi bọ́, mo ká a lẹ́ẹ̀kan, mo ká a lẹ́ẹ̀kejì, mo fi bo ẹnu páìpù. Afẹ́fẹ́ ṣì ń gba inú aṣọ náà kọjá, Àgbà wúkọ́, kò kú. Mo tún un ká títí ó fi nípọn bí tìmùtìmù, mo wá fi gbogbo agbára tó kù nínú mi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó fà á ṣinṣin. Èéfín dúdú tú jáde. Gbọ̀ù. Gbọ̀ … ù. Ó gbọ̀n jìgìjìgì, ó sì dákẹ́.

Mo sunkún nígbà náà. Kí ó tó dákẹ́, kò sí àyè ẹkún.

Ṣùgbọ́n ó dákẹ́ ni, kò fi mí sílẹ̀. Mo ṣì há síbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ti kú tipiri, òógùn ń dà sí mi lójú, kòkòrò kan sì ń rìn lọ́rùn mi tí n kò lè lé. Fóònù mi gbọ̀n lórí dúrọ́ọ̀mù. Ummu Salamah ọ̀rẹ́ mi ló ń pè. Ó gbọ̀n títí ó fi já bọ́ sílẹ̀. N kò mọ iye ìṣẹ́jú tí mo fi dúró. Ó tó kí n rántí gbogbo ìgbà tí Bàbá ti sọ pé mi jíà.

"Ẹ kú oríire o! Safiyat, Àgbà ti jí! Mo ní kí n parí etí aṣọ kan kí n tó wá kí yín."

Ìyá Fẹ́yìsayọ̀ ni, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ẹ̀rín lẹ́nu. Ẹ̀rín náà kú bó ṣe rí mi.

"Jésù! Ta ló gbé ọ síbẹ̀?"

"Ẹ pe Bàbá mi, mà. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó kọ́kọ́ fi èjìká ti Àgbà, bàtà rẹ̀ ń yọ̀ nílẹ̀. Nígbà tí kò mì, ó ju bàtà náà nù, ó sáré. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìyá náà dúró síbi tí àwọn ènìyàn bọ́ bàtà sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń pariwo orúkọ bàbá mi nígbà tí wọ́n ń tò sí sáàfù láti kírun. Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Bàbá sáré dé láìwọ bàtà, Abdulmateen ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀lé e, Àlàájì Kàdírì náà ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn, àwọn ọkùnrin bíi mẹ́wàá sì wà pẹ̀lú wọn. N kò rí ojú bàbá mi bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń pe orúkọ mi ṣáá, kò sì mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ ṣe.

"Ẹ yọ jíà!" ni Àlàájì Kàdírì kígbe. "Ẹ yọ jíà ká tì í!"

Bàbá fò sókè, ó di ọ̀pá jíà mú.

"Bàbá, ẹ má yọ ọ́!" N kò mọ ibi tí mo ti rí ohùn. "Ilẹ̀ dà síbí. Jíà ló dì í mú. Tí ẹ bá yọ ọ́, á wá bá mi."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo ilẹ̀, ó wo òkúta tí mo ti fà kúrò, ó wò mí. Ní Àlàárùbá, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èyí.

"Báwo ni ká ṣe ṣe é, ọmọ mi?"

"Ẹ so okùn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Kí gbogbo wọn fà á ṣinṣin ná. Lẹ́yìn náà kí Àlàájì tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí jíà lè tú u sílẹ̀. Kí Abdulmateen máa fi òkúta dí táyà iwájú bó ṣe ń lọ sẹ́yìn."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é: Àlàájì gun orí ìjókòó, Bàbá sì bọ́ sílẹ̀ wá dì mí mú. "Bísímílláì!" ni wọ́n wí, wọ́n fà. Irin náà kúrò ní itan mi, mo sì ṣubú lé bàbá mi lọ́wọ́. Ohun tí mo rántí kẹ́yìn ni òórùn dísẹ̀lì lára jàlàbíyà funfun.

Itan mi ló kán. Wọ́n fi okùn gbé ẹsẹ̀ mi sókè lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, wọ́n so ohun wíwúwo mọ́ ọn, wọ́n ní kí n má yí ara. Àtàlátà dé, ó kọjá. Àwọn ẹgbẹ́ mi jókòó ṣe ìdánwò físíìsì, èmi ń ka páànù òrùlé. Mo rò pé ìyà náà tó bẹ́ẹ̀. Kò tíì tó.

Gbogbo ẹni tó bá wá kí mi ni Bàbá ń sọ fún pé, "Èmi ni mo fà á. Èmi ni mo ki jíà bọ̀ ọ́ tí n kò sọ fún un. Ọ̀pá jíà yẹn náà ti gbó, ó ti lè fò wọlé fúnra rẹ̀. Èmi ni." Ìyá mi, tó ti dé láti abúlé, ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹun. Ojoojúmọ́ ni Bàbá ń rù sí i. Ó ti ní kí Àlàájì Kàdírì wá gbé Àgbà ní Àlàádì. "N kò fẹ́ rí ẹ̀rọ tó fẹ́ pa ọmọ mi mọ́."

Èmi wá wà níbẹ̀, okùn lẹ́sẹ̀, irọ́ lọ́rùn. N kò pa irọ́ náà fúnra mi o, mo kàn dákẹ́ nígbà tí bàbá mi ń pa á fún mi.

Ummu Salamah gbé fóònù mi wá fún mi ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e. Gíláàsì rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n fídíò náà wà níbẹ̀.

"Mo ti wò ó," ló wí. "Gé e síbi tó ti jí, tí o ń jó. Ká fi sí gúrúùpù. Al-Ameen á gbé ẹnu rẹ̀ mì. Kí o pa ìyókù rẹ́."

"Ṣé o rí ibi tí mo ti mi jíà?"

Ó wò mí. "Kò sí níbẹ̀."

"Kò sí níbẹ̀ lóòótọ́."

"Ta ló máa mọ̀? Bàbá yín ti sọ pé àwọn ni."

Òótọ́ ló sọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo di fóònù náà mú. Mo ń rò ó pé tí mo bá pa á rẹ́, n óò máa jẹ́ akọni lójú gbogbo ènìyàn. Àgbà á lọ sí Challenge, wọ́n á gé e. Bàbá á sì máa ru ẹ̀bi ohun tí kò ṣe títí ọjọ́ tí yóò fi kú. Àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Èyí tí mo bá sì pa mọ́ yìí, ara bàbá mi ni n óò máa pa á mọ́ sí.

Nígbà tí Bàbá dé pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ, mo na fóònù sí i.

"Bàbá, n kò mi jíà."

Ó wo fídíò náà ní ìdúró. Ó dé ìdí, ó sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta ló wo ibi tí mo ti fa òkúta.

"O fa òkúta, kò yí," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O rí i pé kò yí."

"Mo rí i. N kò rò ó."

Ó bínú. Ó bínú débi pé nọ́ọ̀sì wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ní ṣé nítorí pé kí àwọn ọmọ kan lè rí mi nínú fóònù ni mo ṣe fẹ́ fi òun sílẹ̀ láìlọ́mọ? Ó ní mo gbọ́n lójú, n kò gbọ́n nínú. N kò tíì gbádùn ìbáwí rí bí mo ṣe gbádùn èyí, nítorí bí ó ṣe ń bínú ni ẹ̀bi náà ń kúrò lójú rẹ̀, tó ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.

Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó.

"Ènìyàn lè parọ́ fún ènìyàn, kó gbà," ló wí. "Ẹ́ńjìnnì kì í gbà. Bí o bá mọ gbogbo rẹ̀ tí o fo ẹyọ kan, ẹyọ kan yẹn ló máa bi ọ́ léèrè."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

"Wáṣà yẹn." Ó ń wo ilẹ̀. "O sọ fún mi, àbí o kò sọ fún mi?"

"Mo sọ, Bàbá."

"N kò gbọ́ tìrẹ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èmi náà ní ẹ̀bi tèmi níbẹ̀." Ó mú fóònù tirẹ̀ jáde. "Àlàájì, àsàláàmù àlékùm. Ẹ má wulẹ̀ wá mọ́ ní Àlàádì."

Ìdúró ọdún kan ni mo dúró kí n tó ṣe ìdánwò físíìsì, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹsẹ̀ mi òsì kúrú díẹ̀ ju ọ̀tún lọ títí di òní, ó sì máa ń dùn mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀. N kò fi fídíò náà sí gúrúùpù. Bàbá ní kí n máa fi han gbogbo ọmọ iṣẹ́ tuntun tó bá wá kọ́ṣẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mò ń jó. Lẹ́yìn náà wọn a dákẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, n kò ní kí ẹ má gbìyànjú. Wáṣà náà ni àìsàn Àgbà, èmi ni mo sì rí i. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìmọ̀ kò fún ènìyàn láṣẹ láti fo òfin. Ẹni tó bá fi ìkánjú wá ìyìn lè rí ìyìn náà kó má lẹ́sẹ̀ tí yóò fi dìde gbà á. Bí àṣìṣe bá sì ti ṣẹ̀, ẹ tètè jẹ́wọ́, nítorí ẹlòmíràn lè ti máa rù ú fún yín.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lè dúró láìfi igi tilẹ̀, Bàbá fún mi ní ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì. Mo kọ ọ́ sí iwájú Àgbà, lókè ibi tí a ń ki irin bọ̀, lẹ́tà gàdàgbà: MI JÍÀ KÍ O TÓ YÍ. Síbẹ̀, láràárọ̀ tí a bá fẹ́ lọ sóko, bí mo bá ti mú irin lọ́wọ́, Bàbá á dúró tì mí.

"Safiyat, kí ni mo sọ?"

Èmi á fi irin náà sílẹ̀, n óò tiro lọ sí òdìkejì, n óò sì na ọwọ́ sí ọ̀pá jíà.